Ta Ló Sọ Pé Jésù Ò Gbọ́ Yorùbá?

  Ọ̀rọ̀ ìjà ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń wá ewì ìfẹ́, kó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé tèmi, mo gbọ́ pé ọ̀kan wà níbẹ̀ tó dùn ju ìrèké lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Káńsẹ́lọ̀ tí kò bá jẹ́ kí ọmọ sọ èdè tí ọmọ fi ń sunkún, kì í ṣe káńsẹ́lọ̀, wọ́dà ni. Káǹpù onígbàgbọ́ tó bá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ọmọ tó bá sọ Yorùbá yóò jìyà, kó lọ yọ orúkọ Jésù kúrò lára báńnà tó so sẹ́nu géètì. Mo ti sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó jókòó bínú, kó sì ka ìwé yìí dópin.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀: tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi gígùn, àwọn ìjọ máa ń kó àwọn ọmọdé lọ sí káǹpù ní oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ márùn-ún ni, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ọgbà ìjọ bẹ́ẹ̀ ló wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ máa ń rí pátákó wọn tí ẹ bá ń wọkọ̀ lọ sílé. Àwọn tó ń tọ́jú àwọn ọmọ yìí, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni, àwa ọmọ fẹ́lóṣípù tí a fi orúkọ sílẹ̀ fúnra wa. Ibi tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Tí mo bá dárúkọ ẹ̀, ìjà á di ìjà orúkọ, ọ̀rọ̀ ọmọ á sì sọnù síbẹ̀.

Ọdún méjì ni mo ti ṣe é. Wọn kì í sanwó, owó ọkọ̀ gan-an, àpò ara ẹ lo ó ti yọ ọ́. Aago márùn-ún ìdájí lo ó ti dìde, o ó ka orí àwọn ọmọ ẹ. Mẹ́rìnlá ni tèmi, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá. O ó pọnmi. O ó wẹ àwọn tí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, o ó wá ẹsẹ̀ bàtà òsì tó sọnù, o ó gbé fóòmù ẹni tó tọ̀ sórí ibùsùn lọ sá sẹ́yìn ilé kí àwọn yòókù tó jí, kí wọ́n má bàa fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín. Ẹ̀wà tó ní kòkòrò, ìwọ lo ó ṣà á lójú wọn. Lálẹ́, o ó tún orí wọn kà. Tí ó bá ku ẹnì kan, oorun ọjọ́ yẹn tán nìyẹn. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ aláìníṣẹ́ ni, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ kan péré. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń ká mi lára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n ka òfin fún wa nínú gbọ̀ngàn. Má jà. Má jalè. Má jáde kúrò nínú ọgbà. Má sọ fanákúlà. Ẹ wo ibi tí wọ́n to èdè ìyá wa sí, ẹ̀yìn olè!

Páálí kan sì wà tí wọ́n ti so okùn mọ́. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá ni wọ́n á gbé e kọ́ lọ́rùn. Òun náà á wá máa ṣọ́ ẹlòmíràn tó máa ṣèèṣì sọ ọ́, kó lè bọ́ páálí kọ́ onítọ̀hún lọ́rùn. Ọrùn ẹni tí páálí bá sùn sí, ilé onítọ̀hún á pàdánù máàkì. Ẹ fojú inú wo ìyẹn ná. A pe ọmọdé wá kó wá kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ ọmọnìkejì, a wá kọ́ ọ ní àmí. Ọmọ ọdún méje ń yọ́ kẹ́lẹ́ tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó ń dúró dè é kó ní "yéè" tí omi bá tutù.

Ọmọ kan wà níbẹ̀, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ, abúlé ni wọ́n ti mú un wá, ìjọ ló sanwó fún un. Yàrá Bọ̀dá mìíràn ló wà fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ní olóríkunkun ni, wọ́n ní tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀ ńṣe ló máa ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní dáhùn, wọ́n ní kì í gbọ́ràn. Wọ́n bá gbé e wá sí yàrá mi, bóyá nítorí pé èmi ni mo ga jù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó tì í, mo sì bi í ní Yorùbá pé kí ló ń ṣe é. Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn. Ó wò ó dáadáa pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó wá ní, "Bọ̀dá, etí ń dùn mí."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Etí náà ti ń ṣọyún sórí ìrọ̀rí.

Wọ́n ní kò gbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀ ni, kò gbọ́ lóòótọ́, etí ló ń dùn ún!

Ẹ̀yin kan á ní, ṣé kò mọ "ear" ni? Ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń fi kọrin. Ṣùgbọ́n kéèyàn mọ orúkọ ẹ̀yà ara nínú orin, ọ̀tọ̀ ni. Kó fi èdè yẹn sọ lóru, níbi tí màmá ẹ̀ ò sí, fún àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí, pé nǹkan kan ń gún mi nínú orí, ó bẹ̀rẹ̀ lána, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yìí sùn, ẹ̀rù ń bà mí: ọ̀tọ̀ nìyẹn pátápátá. Èmi tí mo wà ní yunifásítì, tí mo bá fi ìka gún abẹ́rẹ́, mi ò tíì fi Gẹ̀ẹ́sì ké rí. Ìwọ ńkọ́?

Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní káǹpù tọ́jú ẹ̀, Ọlọ́run á san án fún wọn, wọ́n ń bá a sọ Yorùbá bí ẹni pé òfin ò dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni màmá tó jẹ́ kódínétọ̀ wa ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní wọ́n gbọ́ fanákúlà ní yàrá mi lóru, wọ́n máa yọ máàkì márùn-ún. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ kúkú yọ mẹ́wàá, torí màá tún sọ ọ́ lálẹ́ òní." Wọ́n yọ mẹ́wàá náà. Ilé tiwa ló gbẹ̀yìn ní káǹpù náà, mo sì ń fi ṣe fọ́rífọ́rí títí dòní.

Ó ti tó nípa tèmi. Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀, torí àwọn tó gbé òfin yìí kalẹ̀, Bíbélì ni wọ́n ní àwọn ń tẹ̀ lé. Ó dáa, Bíbélì náà ni màá fi bá wọn jà.

Orí karùn-ún ìwé Máàkù. Wọ́n ní ọmọbìnrin Jáírù ti kú, ọmọ ọdún 12. Jésù lé àwọn tó ń pariwo jáde, ó mú bàbá àti ìyá ọmọ náà wọlé, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó sì bá a sọ̀rọ̀. Gíríìkì ni Máàkù fi kọ ìwé ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ tí Jésù bá ọmọ yẹn sọ, kò yí i sí Gíríìkì lójú ẹsẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ ní Árámáíkì, èdè tí wọ́n ń sọ nílé ọmọ náà, kó tó wá túmọ̀ ẹ̀ fún àwa tó ń kà á. Gíríìkì ni èdè ńlá ayé ìgbà náà, èdè òwò, èdè ìwé, bíi Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Jésù ò dúró kọ́ ọmọ tó wà lórí ibùsùn ní Gíríìkì kó tó gbé e dìde.

Ìjọ tó ń pe ara ẹ̀ ní ti Pẹ́ńtíkọ́sì ló tún yà mí lẹ́nu jù. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì? Ẹ ṣí Ìṣe Àpọ́sítélì orí kejì. Èrò láti ilẹ̀ oríṣiríṣi pé jọ sí Jerúsálẹ́mù, kálukú wọn sì ń gbọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run ní èdè tí wọ́n bí i sí. Ẹ̀mí Mímọ́ lè ṣe é kí gbogbo wọn déédéé gbọ́ èdè kan ṣoṣo. Ìyẹn ò bá rọrùn fún kódínétọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń pariwo Pẹ́ńtíkọ́sì, ta ló fún yín ní páálí?

Mo mọ ẹni tó fún yín. Ibi kan wà nínú Bíbélì tí wọ́n ti fi èdè ṣọ́ èèyàn bí i ti yín, Àwọn Onídàájọ́ orí 12. Àwọn ará Gílíádì dúró sétí odò Jọ́dánì, ẹni tó bá fẹ́ kọjá, wọ́n á ní kó pe Ṣíbólẹ́tì. Ẹni tí ahọ́n ẹ̀ bá kọ "ṣ", tó bá pè é ní Síbólẹ́tì, ará Éfúráímù nìyẹn, wọ́n á pa á. 42,000 ló kú. (Àwa ọmọ Ìbàdàn, tí a máa ń ní "sé o ti jẹun", ẹ̀yin ẹ dúpẹ́ fún wa pé wọn ò bí wa síbẹ̀. À bá ti kú tán létí odò yẹn.) Kò síbi tí Bíbélì ti yìn wọ́n fún un.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kà á. Àwọn òpìtàn ẹgbẹ́ Scripture Union máa ń sọ nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Josiah Spiers. Lọ́dún 1868 ó wà létí òkun ní Llandudno, ní Wales, ó rí àwọn ọmọ tó wá lo ìsinmi, ó wá kọ ọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ Ọlọ́run sórí iyanrìn, ó ní kí àwọn ọmọ wá fi òkúta àti ìkarahun òkun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Iyanrìn, eré àti ìtàn. Nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìhìnrere fún ọmọdé lákòókò ìsinmi ti jáde. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Wales yìí kan náà, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, ọmọ tó bá sọ èdè Welsh nílé-ìwé, igi pẹlẹbẹ kan ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ọ lọ́rùn, tí wọ́n kọ W.N. sí. Welsh Not ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà á máa wá ẹlòmíràn tó máa sọ Welsh kó lè gbé e fún un, ẹni tó bá sì wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ parí ni wọ́n á nà. Páálí wa gan-an gan-an! Ngũgĩ wa Thiong'o, òǹkọ̀wé Kẹ́ńyà tó kú lọ́dún 2025, sọ pé irú ẹ̀ wà ní ilé-ìwé tiwọn, bí ó ṣe ń lọ láti ọwọ́ ọmọ kan bọ́ sọ́wọ́ ọmọ kejì. Nǹkan méjì ló jáde láti Wales: ọ̀kan ni eré orí iyanrìn, ọ̀kan ni igi tí wọ́n fi ń kọ́ ọrùn ọmọ. Kí ló dé tí àwa fi so méjèèjì pọ̀, tá a gbé wọn lọ sójú ọ̀nà márosẹ̀?

Ta ló wá gba èdè Welsh sílẹ̀? Ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi! Ṣọ́ọ̀ṣì! Nígbà tí olùkọ́ ọjọ́ Ajé ń gbé igi kọ́ ọmọ lọ́rùn, olùkọ́ ọjọ́ Ìsinmi ń fi Bíbélì Welsh kọ́ ọmọ yẹn kan náà ní ìwé kíkà. Lọ́dún 1922 wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé kan sílẹ̀ níbẹ̀, Urdd Gobaith Cymru. Wọ́n ṣí káǹpù sí Llangrannog lọ́dún 1932, Welsh ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹ̀jẹ́ ẹgbẹ́ náà sì dárúkọ Kristi. Káǹpù náà wà títí dòní. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìgbàgbọ́ àti èdè ìyá ò lè gbé inú àgọ́ kan náà, irọ́ ni.

Ẹ̀yin fẹ́lóṣípù, mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ ó ní èdè Yorùbá, òrìṣà ló wà nínú ẹ̀. Oríkì, òrìṣà. Ààlọ́ Ìjàpá, ẹ̀mí òkùnkùn. Ọmọ kan dé tó ń jẹ́ Ògúndélé, Sìsítà kan yí i sí Jésùdélé kó tó di ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kò bi bàbá tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ṣẹ́ ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀? C.M.S. ni, ẹgbẹ́ ajíhìnrere, lọ́dún 1938. Fágúnwà fúnra ẹ̀, olùkọ́ onígbàgbọ́ ni. Ọdúnjọ tó kọ Aláwìíyé tí bàbá yín àti ìyá yín fi mọ ìwé kà, ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni. Àwọn wọ̀nyí gbàdúrà jù yín lọ, iwin àti Ìjàpá ò sì lé wọn jáde nínú ìgbàgbọ́.

Kí a tiẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àjàyí.

Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, ọmọdé ni. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un lọ́dún 1825 tí wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà lọ́dún 1843. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1844 ló bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, níwájú àwọn ẹrú tí wọ́n ti dá sílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá ẹ̀. Ọdún 25 ti kọjá láàárín wọn.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ká ní páálí wà ní Freetown. Ká ní wọ́n gbé e kọ́ Àjàyí lọ́rùn lójoojúmọ́ láti ọdún 1822, títí Yorùbá fi tán lẹ́nu ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá ẹ̀ dé, kí ni ì bá sọ fún un? Ta ni ì bá túmọ̀ "ìyá mi" fún ìyá mi? Bíbélì Yorùbá tẹ́ ẹ gbé sábẹ́ apá lọ sí ìpàdé àdúrà yín, èyí tó parí lódindi lọ́dún 1884, níbo ni ì bá ti wá? Orí ahọ́n tí ẹnikẹ́ni ò fi páálí dí ni ẹ̀sìn yín gùn dé ilẹ̀ yìí. Ẹ wá dé orí ilẹ̀ tán, ẹ fẹ́ dáná sun ọkọ̀.

Àwọn kan ò ní gbé e gba ti òrìṣà. Wọ́n ní, "Bọ̀dá Akéwì, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ fi máa jẹun lọ́la." Ìyẹn yé mi. Èmi náà fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe JAMB. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn. Wọ́n mọ ìṣirò, wọ́n sì mọ Gẹ̀ẹ́sì náà. Gbogbo ẹni tó bá kàwé ní dipátímẹ́ǹtì tiwa ló mọ̀ nípa ẹ̀. Ìjọba ló jọ pé kò mọ̀: ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 wọ́n fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 wọ́n fagi lé e. Ọdún mẹ́ta péré. Ẹ̀wù tí wọ́n rán tí wọn ò wọ̀ dé òde. Nítorí náà ilé-ìwé ti gbé páálí tiẹ̀ dání, kò nílò kí ṣọ́ọ̀ṣì bá a gbé e. Ọmọ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì jálẹ̀ ọdún, ẹ̀ ń sọ fún mi pé ọjọ́ márùn-ún nínú oṣù Kẹjọ ló máa ba ọjọ́ ọ̀la ẹ̀ jẹ́?

Àríyànjiyàn kan ṣoṣo ló ní láárí nínú gbogbo tiyín, màá sì fún un lọ́wọ̀ ẹ̀. Ẹ ní ọmọ Ìgbò wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gùn wà níbẹ̀, ọmọ Ẹdó, kí ni àwọn máa gbọ́? Òótọ́ ni. Tí mo bá lé Gẹ̀ẹ́sì jáde tí mo fi Yorùbá ṣe ọ̀gá lórí ọmọ Ìgbò, páálí mìíràn ni mo gbé kọ́ ọ lọ́rùn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìjọ yín ná. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí pásítọ̀ bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, ta ló ń dúró tì í? Ògbufọ̀! Gbólóhùn kan, ìtumọ̀ kan, pẹ̀lú gbogbo ìfọwọ́júwe, tí pásítọ̀ bá fò, ògbufọ̀ náà á fò. Ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà ní ògbufọ̀. Ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ kò ní, páálí lẹ fún un. Kí ló fà á? Ṣé nítorí pé ìyá ń san ìdá mẹ́wàá ni? Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí tó bá jẹ́ ti gbogbo gbọ̀ngàn, kí ògbufọ̀ dúró. Nínú yàrá, kí ọmọ sọ èdè tó bá mú wá láti ilé. Kí ẹ wá káńsẹ́lọ̀ tó gbọ́ Ìgbò fún ọmọ Ìgbò, èyí tó gbọ́ Ẹ̀gùn fún ọmọ Ẹ̀gùn. Wọ́n pọ̀ ní hóstẹ́ẹ̀lì wa, ẹ ò wá wọn ni.

Mo fẹ́ sọ èyí tó kù díẹ̀díẹ̀, torí inú ń bí mi. Alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń ṣe àdúrà ìtúsílẹ̀. Ẹni tó ń darí àdúrà fi Gẹ̀ẹ́sì bi àwọn ọmọ pé ta ló ti jẹun lójú àlá rí, kó nawọ́. Ìdajì wọn ò mọ ohun tó bèèrè. Ọmọ kan nawọ́, ẹgbẹ́ ẹ̀ nawọ́, ìlà kan nawọ́, bí ọmọdé ti máa ń ṣe. Àwọn tó sì gbọ́ ọ, ọmọ tó sùn pẹ̀lú ebi, kí ni kó lálàá bí kò ṣe ìrẹsì? Wọ́n wá bi wọ́n pé ta ló fún yín jẹ. Ọmọbìnrin kékeré kan ní màmá àgbà òun ni. Tàbí kó jẹ́ ta ni? Màmá àgbà náà ló ń fún un lóúnjẹ lójú ayé! Wọ́n dá a dúró síwájú, wọ́n ní kó má gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá náà mọ́. Ọmọ yẹn padà lọ sílé ìyá náà lọ́jọ́ kejì. Kí ló máa jẹ?

Ní Akwa Ibom, ọ̀rọ̀ pípe ọmọdé ní àjẹ́ le débi pé ìpínlẹ̀ náà fi òfin mú un lọ́dún 2008, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀ràn. Níhìn-ín, a kì í pe ọmọ ní àjẹ́ ní gbangba, a máa ń ní kí ọmọ pe ìyá ẹ̀. Tí ó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi béèrè ìbéèrè yẹn, níwájú àwọn ìyá ìdáná tó ń fọ ìkòkò lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ jẹ́ mi lẹ́jọ́ o, ọ̀kan nínú wọn ì bá ti gbé ọmọ yẹn sá kúrò níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló bò ó.

Ẹ̀yin ará dipátímẹ́ǹtì mi náà, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó kàn yín. Ẹ ní kí ni mo ń wá níbẹ̀. Ẹ ní amúnisìn ni gbogbo ẹ̀, kí àwọn ọmọ Yorùbá gidi yẹra fún un. Ẹ jókòó síwájú ilé oúnjẹ, ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé Yorùbá ń kú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ọmọ tálákà ti ń rí ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n á fún un ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, tí á gbá bọ́ọ̀lù tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, tí ẹnì kan á jókòó tì í lálẹ́ bi í pé báwo lara? Ẹ̀yin dá tiyín sílẹ̀ ká wá. Ìgbà tí ẹ bá ṣì ń kó owó ẹ̀ jọ, ọmọ ti dé géètì káǹpù pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ gba báàgì náà. Tí kò bá sí ẹni tó fẹ́ràn Yorùbá níbẹ̀, ẹni tó ń gbé páálí ló máa gbà á.

Ẹ tún ń pàdánù nǹkan. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pa iná. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ọmọ etí yẹn, tí wọ́n ti fi òwú dí i, tí ara ẹ̀ ti yá, ló ṣàdédé ní inú òkùnkùn, "Ààlọ́ o!" Àwọn mẹ́tàlá yòókù rọra dáhùn, "Ààlọ̀!", wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìtàn tó pa, mi ò rí i nínú ìwé kankan. Ìjàpá wá sí káǹpù. Ó jí ẹran jẹ nílé ìdáná, wọ́n wádìí títí wọn ò mú un, àfi ìgbà tó ṣèèṣì fi Yorùbá sọ pé ẹran náà dùn. Wọ́n gbé páálí kọ́ ọ lọ́rùn. Ìjàpá wo páálí, ó fa ọrùn wọlé, páálí jábọ́. Wọ́n tún gbé e kọ́ ọ, ó tún fa ọrùn wọlé. Wọ́n gbé e kọ́ ọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láti ọdún kìn-ín-ní mi níbí ni mo ti ń kọ ewì fún ìwé yìí, mi ò tíì kọ ìlà kan tó dáa tó ọrùn Ìjàpá yẹn. Ọmọ tí wọ́n ní kò lè sọ̀rọ̀.

Lẹ́tà ti wà nílẹ̀. Àwa mẹ́fà tá a jọ ṣe káńsẹ́lọ̀ la fọwọ́ sí i. A sọ pé a ò ní gbé páálí kọ́ ọmọ kankan lọ́rùn mọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ sọ èdè tó bá fẹ́ nínú yàrá, kí wọ́n yàn ògbufọ̀ sí gbọ̀ngàn, kí wọ́n sì yọ ìbéèrè àlá kúrò lẹ́nu àwọn ọmọdé pátápátá. Tí wọ́n bá kọ̀, a máa lọ náà. Kí wọ́n máa yọ máàkì.

Mo nílò àwọn mìíràn kí oṣù Kẹjọ tó dé. Ẹni tó gbọ́ Ìgbò, ẹni tó gbọ́ Ẹ̀gùn, ẹni tó gbọ́ Haúsá, ẹni tó mọ ààlọ́ pa, kódà ẹni tí kò mọ̀ ju kó pọnmi lọ. Onígbàgbọ́ ni o, o kì í ṣe onígbàgbọ́ ni o, wá bá mi níwájú dipátímẹ́ǹtì lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn kíláàsì fonọ́lọ́jì. Kí kálukú mú bọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ dání, ti káǹpù kì í kárí.